Omídíjí àti Ìṣáwùrú Mẹ́rìndínlógún

Ọwọ́-Líle-Kì-í-Fá-Ewédò-Tán, awo etí odò. Ẹnu-Kékeré-Ní-í-Jẹ-Ẹ́-Dé-Ìdí, awo orí òkúta. Àwọn awo méjì yìí ni wọ́n dá Ifá fún Omídíjí, ọmọ obìnrin Ìdó-Omi, lọ́jọ́ tí ó jí tí kò rí ẹja ìyá rẹ̀ mọ́ nínú omi.

Kì í ṣe pé ẹja náà kú. Omi ni kò jẹ́ kí a rí wọn. Agbada òkúta ńlá kan wà níwájú ilé Omídíjí, tí àwọn baba ńlá rẹ̀ gbẹ́. Ẹja èpìyà méje ni ìyá rẹ̀ ń sìn nínú rẹ̀, omi ibẹ̀ sì ni àwọn aboyún ìlú ń bù mu. Nígbà tí ìyá náà ń kú lọ, ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, ó ní, "Má jẹ̀ẹ́ kí omi mi bàjẹ́." Omídíjí ní òun ò ní jẹ́. Ọdún kò yí po tí ewédò fi bo òkúta. Omi ṣú bí omi ẹ̀fọ́, ó ń yọ̀, ó ń rùn. Àwọn aboyún gba ọ̀nà odò lọ.

Yèyé Olómi, àgbà obìnrin tí ó jẹ́ olórí àwọn tí ń bọ odò, wá wò ó. Kò pariwo. Ó ní, "Omídíjí, oṣù méjì ni mo fún ọ. Bí mo bá padà dé tí mi ò rí ìsàlẹ̀ agbada yìí, ilé mìíràn ni yóò máa sin ẹja wọ̀nyí." Ọ̀rọ̀ náà dun Omídíjí wọ egungun. Ẹja tí ìyá òun fi ọwọ́ ara rẹ̀ bọ́, kí wọ́n wá gbé e lọ sílé ẹlòmíràn lójú ayé òun! Ó ní kàkà kí ìyẹn ṣẹlẹ̀, òun yóò fi eyín fá òkúta náà.

Obìnrin yìí kì í ṣe ọ̀lẹ. Àléébù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé bí o bá ní kí ó ṣe ẹyọ kan, méjì ni yóò ṣe. Ó fi iyanrìn fá òkúta títí èékánná rẹ̀ fi ṣẹ́. Ní ọjọ́ karùn-ún, ewédò ti padà dé.

Láṣebíkan apẹja gbọ́, ó gbé àrọ̀ kan wá nínú igbá. Àrọ̀ náà gùn tó apá ènìyàn, irùngbọ̀n rẹ̀ ń mì. "Àbúrò mi, mú eléyìí," ni Láṣebíkan wí. "Kò sí ohun tí àrọ̀ kì í jẹ. Ewédò rẹ ti tán nìyẹn."

Omídíjí wo ẹnu àrọ̀, ó rántí ẹja ìyá rẹ̀ tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ó ní, "Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n pẹ̀lú ẹnu tó tóbi tó báyìí, kí ó tó kan ewédò, ta ni yóò kù nínú omi?" Láṣebíkan rẹ́rìn-ín, ó gbé àrọ̀ rẹ̀ lọ sọ́jà.

Nígbà náà ni Omídíjí tọ àwọn awo lọ. Wọ́n ní ire ń bọ̀, ẹbọ ni kí ó rú. Wọ́n ní kí ó wá ìṣáwùrú mẹ́rìndínlógún, ìgbín kékeré inú odò tí ń lẹ̀ mọ́ òkúta. Kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣà wọ́n, kí ó tú wọn sínú agbada láàyè. Wọ́n ní ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ni kí ó máa bọ́ ẹja, ìwọ̀n tí ìka mẹ́ta lè bù. Wọ́n ní, "Má ṣe fi kún un, má ṣe yọ níbẹ̀."

Omídíjí ń padà lọ sílé, inú rẹ̀ kò dùn. Ìṣáwùrú kẹ̀? Ohun tí àwọn ọmọdé ń ṣà ṣeré? Ìgbín oko ni gbogbo ayé mọ̀. Ìgbín ni Ọbàtálá ń gbà, omi inú rẹ̀ ni ẹ̀rọ̀. Ó ní àánú òun ló ṣe àwọn awo, wọ́n rò pé apá òun kò ká a. Ó ní òun kò ní ṣe ahun sí ohun tí ìyá òun fi sílẹ̀. Ó wọ oko, ó ṣa ìgbín mẹ́rìndínlógún, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó ìkúùkù. Ó kó wọn sínú agbada. Ó tún rún odidi àkàrà mẹ́ta sí i fún ẹja, kí inú tiwọn náà lè dùn.

Ìgbín oko kì í gbé inú omi. Ta ni kò mọ̀ bẹ́ẹ̀? Omídíjí náà mọ̀, ìtara ni kò jẹ́ kí ó rántí. Àwọn ìgbín tí ó lè gun òkúta gùn ún jáde. Àwọn yòókù rì, wọ́n kú, wọ́n jẹrà. Ní ọjọ́ kẹta, ẹja mẹ́ta léfòó, wọ́n ti kú. Omídíjí jókòó sẹ́bàá agbada, ó sunkún bí ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ kú.

Ó padà tọ àwọn awo lọ. Ó ní, "Mo rú ẹbọ, ẹbọ ò fín, ẹja mẹ́ta ti kú."

Àgbà inú wọn bi í pé, "Kí ni a ní kí o mú?"

"Ìṣáwùrú ni."

"Kí ni o mú?"

"Ìgbín oko ni."

Àgbà náà ní, "Ara rẹ ni o rú èyí fún. Ẹja kò bá ọ jẹ nínú rẹ̀. Ó ku mẹ́rin. Máa lọ."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Omídíjí wọ odò dé orúnkún. Ó ń yí òkúta, ó ń ṣa ìṣáwùrú tí kò ju ẹkùrọ́ lọ. Nígbà tí ó ka mẹ́rìndínlógún, ọwọ́ rẹ̀ ba ìkẹtàdínlógún. Ìyẹn sanra ju gbogbo wọn lọ. Ó mú un dání fún ìgbà díẹ̀, ó wò ó. Ó dá a padà sórí òkúta rẹ̀.

Ó gbọ́n omi jíjẹrà dànù, ó pọn omi odò rọ́pò rẹ̀, ó tú ìṣáwùrú sílẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní, kò rí nǹkan kan. Ní ọjọ́ kejì, ó rí ojú ọ̀nà tín-ín-rín lára òkúta, níbi tí wọ́n ti jẹun kọjá. Àwọn ará àdúgbò ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Ṣé àwọn wọ̀nyí ni yóò jẹ gbogbo èyí tán?" Ìka mẹ́ta ni Omídíjí ń fi bu oúnjẹ. Àwọn ẹja pàápàá bẹ̀rẹ̀ sí í họ ewédò jẹ. Nígbà tí wọ́n ń yó fún àkàrà, kí ni wọn ì bá wá ewédò lọ fún?

Nígbà tí oṣù méjì ń lọ sópin, èyí tí ó tóbi jù nínú ẹja mẹ́rin náà kò jẹun mọ́. Ó pa ẹnu dé pinpin. Àwọn yòókù ń jẹ, òun ń yí ẹ̀yìn padà. Ẹ̀rù ba Omídíjí gidigidi. Ó ní bóyá bí oúnjẹ bá pọ̀ lójú rẹ̀, yóò jẹ. Ó ti ọwọ́ bọ inú apẹ̀rẹ̀ àkàrà. Ó yọ ọwọ́ náà jáde lófìfo. "Ìka mẹ́ta ni wọ́n wí," ni ó sọ fún ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe fún ọjọ́ mẹ́wàá gbáko.

Yèyé Olómi dé, àwọn obìnrin tẹ̀lé e. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo inú agbada. Ó rí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó rí ìṣáwùrú lára òkúta. Ó ka ẹja. "Mẹ́rin," ni ó wí. "Méje ni ìyá rẹ fi sílẹ̀."

Omídíjí kúnlẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni, Yèyé. Èmi ni mo pa mẹ́ta. Wọ́n ní kí n mú ìṣáwùrú, mo kó ìgbín oko sínú omi."

Nígbà náà ni ẹja tí kò jẹun wá sí òkè omi, ó la ẹnu. Àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ bí hóró ọkà bàbà ń tú jáde láti ẹnu rẹ̀, wọn kò lóǹkà. Obìnrin kan na ọrùn láti wò wọ́n, òjìji rẹ̀ bọ́ sójú omi, gbogbo wọn sì sáré wọ ẹnu ìyá wọn padà.

"Yéè! Ó ti gbé wọn mì!" ni obìnrin náà kígbe.

Yèyé Olómi rẹ́rìn-ín. "Kò gbé wọn mì. Ẹnu rẹ̀ ni yàrá wọn. Bí ó bá jẹun ni ì bá gbé wọn mì." Ó gba igbá, ó bu omi agbada náà, ó mu ún. Ó nawọ́ igbá sí aboyún tí ó dúró tì í.

Omídíjí bú sẹ́kún ayọ̀, ó bú sí ijó. Ó ń yin Ọwọ́-Líle-Kì-í-Fá-Ewédò-Tán, ó ń yin Ẹnu-Kékeré-Ní-í-Jẹ-Ẹ́-Dé-Ìdí, àwọn náà ń yin Ifá tí ó fi ọ̀rọ̀ sí wọn lẹ́nu. Ẹni tí ó kọ ẹbọ kò gbọ́ràn. Ẹni tí ó fi tirẹ̀ kún ẹbọ, òun náà kò gbọ́ràn. Bí a bá ní ìṣáwùrú, ẹ rú ìṣáwùrú, kí ire lè mọ ilé yín.