Òǹtẹ̀ Ọ̀gá Ibodè

Ẹ gbọ́ bí Ìbídùn ṣe bọ́ lọ́wọ́ Ọ̀gá Látúnjí, alágbára ibodè. Ìbídùn mú ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó tún un ṣe fún ilé ìwòsàn kan ní Kútọnu. Ó gbé e sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀ dé ibodè. Bí ètò náà kò bá dé Kútọnu lónìí, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ọ̀gá ní ètò náà kò gbọdọ̀ kọjá láìsí òǹtẹ̀ òun, òun ò sì ní tẹ òǹtẹ̀ àfi tí òun bá rí i pé ó ti débẹ̀. Ìbídùn ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, èyí tó bá wà ní gbangba ńkọ́?" "Ìyẹn ò kàn mí. Ohun ìkọ̀kọ̀ ni mò ń ṣọ́." Ìbídùn bá jókòó síwájú rẹ̀, ó kó gbogbo àtúnṣe náà padà sórí íńtánẹ́ẹ̀tì níbi tó ti mú ètò ọ̀hún, kò fi kọ́kọ́rọ́ tì í, ó wá pe àwọn ará Kútọnu pé kí wọ́n wá bù ú bí omi odò. Wọ́n bù ú. "Ọ̀gá, ó ti débẹ̀ o. Òǹtẹ̀ yín dà?" "Ta ló gbé e kọjá?" "Kò sẹ́ni tó gbé e, sà. Ẹ wò ó, ó ṣì wà níbí." Ọ̀gá wo kọ̀ǹpútà, ó wo ọ̀nà ibodè, ó gbé òǹtẹ̀ sókè, kò mọ ibi tí yóò tẹ̀ ẹ́ sí. "Ọmọ yìí, ṣé ó lọ ni àbí kò lọ?" "Ẹ tẹ̀ ẹ́ ná, sà, ká lè mọ̀."