Ibi Tí Ìgbín Ti Rí Aláìsàn Wò

Ààlọ́ o.
Ààlọ̀.
Ẹ gbóhùn sókè, ṣebí ẹ ti jẹun.

Ìgbín mọ ewé, ó mọ egbò. Ó kọ́kọ́ ṣílé ìwòsàn sí oríta ọjà. Kò sẹ́ni tó yà, wọn ò fẹ́ kí ará ọjà mọ̀ pé ara wọn ò yá. Ó kó lọ sórí òkè. Ẹni tórúnkún ń dùn ò lè gùn ún. Ebi wá ń pa Ìgbín, ló bá ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Ta lara ń ro?
Kì í ṣèmi o.
Ta lẹ́sẹ̀ ń dùn?
Kì í ṣèmi o.

Ló bá kó lọ sẹ́bàá odò. Àgbọ̀nrín tiro dé, ó gbé akèrègbè kọ́rùn.

"Bàbá, omi ni mo wá pọn o."

"Mo mọ̀, ọmọ mi. Èwo nínú ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló wá pọnmi?"

Àgbọ̀nrín rẹ́rìn-ín, ó na ọ̀kan sí i.

Ẹ̀yin ọmọ, láti ọjọ́ náà ni òùngbẹ ti ń gbẹ gbogbo ẹranko tí ara wọn ò yá.