Ọkọ̀ Tó Gbé Baálẹ̀ Délé

Baálẹ̀ kan wà tó pín fọ́tò rẹ̀ kékeré kárí gbogbo ilé ní ìlú rẹ̀, ó ní ẹni tó bá rí i, òun gan-an ló rí, kó wólẹ̀. Ó ń ṣojúkòkòrò sí àwọn ọkọ̀ ìṣeré onírin tí Dúródọlá afọṣọ ti ń kó jọ láti kékeré. Ó sọ fún afọṣọ náà pé, "Bí wọ́n bá jẹ́ ọkọ̀ lóòótọ́, fi ọ̀kan gbé mi láti ọjà délé lọ́la. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, tèmi ni gbogbo wọn." Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Dúródọlá gbé fọ́tò Baálẹ̀ jókòó sínú ọkọ̀ pupa kan, ó so òwú mọ́ ọn, ó rọra ń fà á bọ̀ láti ọjà. Àwọn èrò tẹ̀lé e dé ẹnu ọ̀nà Baálẹ̀, wọ́n sì wólẹ̀ fún fọ́tò náà. Baálẹ̀ ní, "Ìwé pélébé lo gbé wá." Dúródọlá ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pariwo rẹ̀ pé ìwé lásán ni, kí àwọn tó dọ̀bálẹ̀ lè dìde." Baálẹ̀ wo ẹ̀yìn àwọn èèyàn rẹ̀ tó ṣì dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Dẹ́rẹ́bà, o ṣeun."