Ìdí Tí Ẹ̀gà Fi Ń Gbé Orí Sókè Bó Bá Ń Jẹun

Nígbà láéláé, nígbà tí ẹ̀gà ṣì máa ń sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ọ̀kan bá ń sọ̀rọ̀ tí àwọn yòókù á dákẹ́ gbọ́ ọ, àwọn ẹranko igbó àti àwọn ẹranko ọ̀dàn máa ń pàdé lọ́dọọdún láti ja ìjàkadì.

Etí odò ni wọ́n ti ń jà, níbi tí igbó ti parí tí ọ̀dàn ti bẹ̀rẹ̀. Erin ló ni pápá náà. Òfin rẹ̀ kò ṣòro: kò sí ìwo, kò sí eyín, kò sí èékánná. Ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá kan ilẹ̀, òun ló ṣubú. Ìlú ẹni tó bá dá èkejì ni yóò máa kọ́kọ́ mu omi odò nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, kí ìlú kejì tó mu èyí tó bá ṣẹ́kù.

Gbogbo ẹranko kọ́ ló lè wá wòran. Àwọn arúgbó wà nílé, àwọn abiyamọ wà nílé, àwọn aláìsàn wà nílé. Nítorí tiwọn ni ẹ̀gà ṣe wà. Iṣẹ́ ẹ̀gà ni láti wo ìjà náà láti orí igi, kí wọ́n sì fò lọ sí ìlú méjèèjì lọ ròyìn rẹ̀. Wọ́n mọ ìròyìn í ṣe. Bí ẹ̀gà bá sọ pé eruku sọ lálá, àwọn arúgbó á máa fọwọ́ nu ojú.

Lọ́dún kan, oòrùn mú gan-an, ẹ̀gà kan sì já bọ́ láti orí igi níbi tó ti ń wòran. Ebi ló ń pa á. Láti òwúrọ̀ ni kò ti rí nǹkan kan fi sẹ́nu. Àánú rẹ̀ ṣe Erin. Ó ní láti ìgbà náà lọ, wọ́n á máa fún àwọn ẹ̀gà lóúnjẹ lọ́fẹ̀ẹ́ níbi ìjàkadì, torí ẹni tó ń wòran fún gbogbo ìlú, gbogbo ìlú ló yẹ kó bọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ náà dára, ó sì tọ́. Ọkà bàbà díẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń fún wọn. Nígbà tó yá, wọ́n fi èsúnsún yíyan kún un. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ẹyìn pupa kún un, wọ́n tún fi àgbàdo tútù kún un. Igbá oúnjẹ wá pọ̀ débi pé orí ẹ̀ka igi kò gbà wọ́n mọ́. Wọ́n bá lọ ń tẹ́ ẹ sábẹ́ ìrókò kan lẹ́yìn èrò, níbi tí ibòòji wà.

Díẹ̀díẹ̀ ni nǹkan yí padà. Ẹ̀gà tó bá dé pápá kò béèrè àwọn tó fẹ́ jà mọ́. Ohun tí wọ́n sè ló ń béèrè.

Ọdún kan wá dé tí Ẹfọ̀n dìde láti ọ̀dàn, tí Ìnàkí sì dìde láti inú igbó. Kò sí ẹni tó tíì gbé Ẹfọ̀n kúrò nílẹ̀ rí. Kò sí ẹni tó tíì bọ́ lọ́wọ́ Ìnàkí rí.

Ẹfọ̀n ní ìyá kan, arúgbó tí ojú rẹ̀ ti fọ́. Kí Ẹfọ̀n tó kúrò nílé, ìyá náà fi imú kan iwájú orí rẹ̀, ó súre fún un, ó ní òun á máa retí ìròyìn. Ẹ̀gà Àgbà, tó jẹ́ olórí gbogbo ẹ̀gà, ṣèlérí fún ìyá náà pé òun fúnra òun lòun máa wá sọ fún un bí ìjà bá ṣe lọ.

Láti òwúrọ̀ ni àwọn méjèèjì ti wọ̀yá ìjà. Wọ́n ti ara wọn síwá, wọ́n ti ara wọn sẹ́yìn. Ilẹ̀ ń mì, omi odò ń ru. Àwọn ẹ̀gà ń wò wọ́n láti orí igi, inú wọn sì ń dùn. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ọ̀sán tí kò sẹ́ni tó tíì ṣubú, òórùn èsúnsún yíyan bẹ̀rẹ̀ sí í wá láti abẹ́ ìrókò. Ọ̀kan nínú wọn ní àwọn méjèèjì yìí kò lè dá ara wọn kó tó di ìrọ̀lẹ́. Òmíràn ní bí àwọn kò bá tètè lọ, oúnjẹ á tutù. Ni wọ́n bá fò lọ. Ẹ̀gà Àgbà náà tẹ̀ lé wọn. Wọ́n ki orí bọ inú igbá.

Ìgbà náà gan-an ni ohun náà ṣẹlẹ̀.

Ìnàkí ki ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ ikùn Ẹfọ̀n, ó sì gbé e. Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin Ẹfọ̀n kúrò nílẹ̀. Ó gbé e dé orúnkún, ó gbé e dé àyà, ó gbé e kọjá orí ara rẹ̀, ó nà án sókè bí ẹni fẹ́ fi í han oòrùn. Èrò kò hó. Ìkookò tí kì í panu mọ́ panu mọ́. Kí Ìnàkí sáà ju Ẹfọ̀n sílẹ̀ báyìí, omi odò ti di ti igbó.

Ṣùgbọ́n àpáta ńlá kan wà níwájú rẹ̀, ṣóńṣó orí rẹ̀ mú bí àáké. Ìjà ti gbé wọn dé etí omi, kò sí ibòmíràn tó lè jù ú sí. Bó bá jù ú síbẹ̀, ẹ̀yìn Ẹfọ̀n á ṣẹ́.

Ìnàkí dúró. Òógùn ń ṣàn wọ̀ ọ́ lójú. Ó pẹ́ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ó rọra kúnlẹ̀, pẹ̀lú ẹrù ńlá yẹn lókè orí, ó sì sọ Ẹfọ̀n kalẹ̀ lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, jẹ́jẹ́, bí ìyá ṣe ń sọ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn kalẹ̀.

Ẹ̀yìn ẹnikẹ́ni kò kan ilẹ̀.

Ẹfọ̀n wo Ìnàkí. Ó kúnlẹ̀, ó tẹrí ba títí ìwo rẹ̀ fi kan erùpẹ̀. Ẹfọ̀n nìyẹn o, tí kò tẹrí ba fún kìnnìún.

Kò sẹ́ni tó pariwo. Omijé ń bọ́ lójú Erin. Àwọn òǹwòran dìde, wọ́n ń lọ sílé láìsọ̀rọ̀, wọ́n ń rìn bí ẹni tó ń rìn ní iwájú ojúbọ.

Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló mú kí àwọn ẹ̀gà gbé orí kúrò nínú igbá. Wọ́n sáré bi Ìgalà léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìgalà la ẹnu, ó pa á dé, ó mi orí, ó bá tirẹ̀ lọ. Wọ́n bi Òkété. Òkété ní ẹnu òun kò gbà á.

Ojú tì wọ́n láti sọ pé àwọn kò rí i. Kálukú wá rò ó lọ́kàn ara rẹ̀. Àwọn tó fò lọ sínú igbó ti rí Ìnàkí tó jókòó sílẹ̀ tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, wọ́n ní Ẹfọ̀n ló fi ìwo kàn án. Ẹ̀gà Àgbà ti rí erùpẹ̀ ní orúnkún Ẹfọ̀n. Ó fò lọ bá ìyá afọ́jú náà, ó ní wọ́n ti ju ọmọ rẹ̀ mọ́ àpáta, bó ṣe máa délé lòun kò mọ̀.

Ìyá Ẹfọ̀n kò sunkún. Ó dìde, ó ń gbóòórùn odò tẹ̀ lé ọ̀nà. Ó kọsẹ̀, ó tún dìde. Àwọn ọ̀dọ́ ọ̀dàn tẹ̀ lé e, inú ń bí wọn, wọ́n ń fi pátákò wa ilẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ igbó náà ti ń bọ̀ láti òdìkejì. Nígbà tí wọ́n fojú kan ara wọn létí omi, kálukú sọ orí kalẹ̀ láti kọlu ara wọn. Ẹ̀jẹ̀ ì bá ti bá omi lọ lọ́jọ́ náà.

Ìgbà náà ni Ẹfọ̀n àti Ìnàkí yọ, wọ́n jọ ń bọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, èjìká kan èjìká.

Ìyá gbọ́ òórùn ọmọ rẹ̀. Ó fi imú tọ ẹ̀yìn rẹ̀ láti ọrùn dé ìdí ìrù, kò rí ọgbẹ́ kankan. Nígbà tó dé ìhà rẹ̀, ó dúró. Òórùn ọwọ́ Ìnàkí wà níbẹ̀, lápá ọ̀tún àti lápá òsì.

Ẹfọ̀n ní, "Ó gbé mi sókè, màámi. Kò sì jù mí."

Gbogbo ọ̀dọ́ tó wà létí odò dúró bí igi. Ìyá náà yíjú sókè síbi tó ti ń gbọ́ ìyẹ́ Ẹ̀gà Àgbà tó tẹ̀ lé wọn wá.

"Ẹ̀gà, kí lo rí?"

Ẹ̀gà Àgbà kò lè parọ́ mọ́. Ó ní, "Ìyá, ẹ dárí jì mí. Igbá oúnjẹ ni mo rí."

Inú bí Erin. Ó tẹ gbogbo igbá abẹ́ ìrókò fọ́, ó ní ẹ̀gà kankan kò ní jẹ ọ̀fẹ́ mọ́ láé. Ìyá Ẹfọ̀n ló dá a lẹ́kun.

Ó ní, "Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, Erin. Ẹni tí ebi ń pa kì í ríran jìnnà. Ẹ máa bọ́ wọn. Ṣùgbọ́n kí wọ́n máa gbé orí sókè."

Erin gbà. Lọ́dún náà, ìlú méjèèjì jọ mu omi odò pa pọ̀, torí ẹ̀yìn ẹnikẹ́ni kò kan ilẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀gà ti ń jẹ nínú oko gbogbo ayé láìsan nǹkan kan. Bó bá sì ti ṣá ọkà kan, á gbé orí sókè, á wò yíká, kó tó ṣá òmíràn. Láti ọjọ́ náà pẹ̀lú ni gbogbo wọn ti ń pariwo pọ̀ lórí igi láàárín ìlú, tí ọ̀kan kì í dúró gbọ́ èkejì. Ìjà tí wọn kò rí yẹn ni wọ́n ṣì ń rò fún ara wọn.

Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, láàárín ariwo náà, ẹ óò gbọ́ tí gbogbo wọn dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ wo abẹ́ igi nígbà náà. Ẹranko ńlá kan ló ń kọjá, wọ́n sì ti gbé orí sókè láti wò ó.