Káàdì Kérésì Inú Ìkòkò Aró

Ìyá àgbà kan wà, aládìrẹ ni. Bí ó bá ti ìyẹ́ adìyẹ bọ ẹ̀kọ láfún, tí ó fi ya ẹyẹ sára aṣọ, ẹyẹ náà á fẹ́rẹ̀ẹ́ fò. Ó ní ọmọ ọmọ kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé. Lọ́jọ́ kan, ọmọ náà sáré wọlé, kò tilẹ̀ ráyè bọ́ bàtà.

"Màmá, ọ̀la la máa gba ìsinmi Kérésì! Mo fẹ́ ṣe káàdì fún gbogbo ọmọ kíláàsì wa. Mo ti ṣèlérí fún wọn o!"

Inú ìyá àgbà dùn ṣìnkìn. Ó tún ìró ró. "Káàdì? Àwẹ̀ró mi, ilé oníṣẹ́ lo wá yìí! Gbogbo ilé ìwé ni yóò gbọ́."

Páálí funfun wà nílẹ̀ tí bàbá ọmọ ti rà. Wọ́n gé e. Ọmọ náà mú ìyẹ́, ó tì í bọ ẹ̀kọ, ó ya ẹyẹ kan.

"Ẹyẹ rèé àbí iṣu?" Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín títí. "Mú un wá, jẹ́ n fi hàn ọ́."

Ó gba ìyẹ́. Ó fi hàn án, ó tún fi hàn án, kò dá a padà mọ́. Ẹyẹ ń jáde lórí káàdì kan dé òmíràn, ó rẹwà, kò sí ìyàtọ̀ kankan láàárín wọn. Ọmọ fọwọ́ lẹ́rán. Nígbà tó yá, ó bọ́ bàtà, ó ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ ya nǹkan sí ilẹ̀.

Ẹ̀kọ gbẹ tán. Lára aṣọ, a kì í rí àwòrán dáadáa àfi tí a bá rì í sínú aró, tí a sì ha ẹ̀kọ kúrò. Ohun tí ọwọ́ ìyá àgbà mọ̀ nìyẹn, ayọ̀ kò sì jẹ́ kó ronú. Ó kó gbogbo káàdì, ó dà á sínú ìkòkò aró! Nígbà tó máa fà á jáde, ó ti rọ̀ bí ògì.

Ọmọ figbe ta. "Màmá! Kí ni mo fẹ́ fún wọn lọ́la?"

Ìyá àgbà sáré lọ wo ibi tí páálí wà. Páálí díẹ̀ ló kù. Wọ́n gé e kéékèèké kó lè kárí. Ìyá àgbà tún nawọ́ sí ìyẹ́, ṣùgbọ́n ọmọ di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá. Ẹ ṣáà bá mi di páálí mú kó má yí."

Ó ti àtàǹpàkò bọ aró, ó tẹ̀ ẹ́ sórí páálí. Ó fi pẹ́ńsù ṣe ojú sí i, ó ṣe ẹnu.

"Ta nìyẹn?"

"Rẹ̀mílẹ́kún ni. Ẹ ò rí i pé eyín iwájú rẹ̀ ti yọ?"

"Eléyìí tó la ẹnu sílẹ̀ ńkọ́?"

"Ìjádùnọlá! Ẹkún ló máa ń sun láràárọ̀."

Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Kò mọ ìkankan nínú àwọn ọmọ yìí, ẹyẹ kan náà ló sì fẹ́ fún gbogbo wọn! Ó di páálí mú gírígírí. "Ta ló tún kàn? Àwẹ̀ró, ta ló tún kàn?"

Lọ́jọ́ kejì, kò lè jókòó sílé. Ó tẹ̀lé ọmọ dé ẹnu ọ̀nà kíláàsì, ó sì ń gbọ́ ariwo wọn: "Èmi rèé! Ẹ wò ó, èmi rèé!"

Ìwọ tí o jókòó tì mí yìí, o ní ọmọ nílé. Bí ó bá ní kí o wá ran òun lọ́wọ́, kò ní kí o gba ìyẹ́ lọ́wọ́ òun. Bá a di páálí mú. Kí o sì máa bi í pé, ta ló tún kàn?