Àwẹ̀ró àti Igi Orí Àpáta

Jẹ́jẹ́-ni-gbòǹgbò-ń-wọ-àpáta, awo ẹ̀bá òkè, òun ló dífá fún Àwẹ̀ró lọ́jọ́ tó ń sunkún ọmọ tó wà láàyè, tí kò sì lè rí i.

Iná igbẹ́ ló dá ọ̀ràn náà sílẹ̀. Òkèbùnmi, ọmọ kan ṣoṣo tí Àwẹ̀ró bí, dáná láti lé òkété jáde nínú ihò. Iná náà bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó gun òkè ìlú, ó sì jó àwọn igi kan tó jọ ọ̀pẹ kúkúrú, tí ewé wọn ń gúnni bí ẹ̀gún. Orí àpáta nìkan ni wọ́n ń hù, ìdí wọn ni ará ìlú sì ti ń bọ òkè. Báálẹ̀ ní kí Òkèbùnmi fi ìlú sílẹ̀, ó di ọjọ́ tí irú igi náà bá tún hù kó tó padà.

Àwẹ̀ró gun òkè lọ. Ó tú eérú títí, ó rí èso ńlá kan tí ìpẹ́ bò lára bí ẹja. Kóró pupa wà nínú rẹ̀. Ó gbìn wọ́n sẹ́yìn ilé, ó ń bomi rin wọ́n láàárọ̀ àti lálẹ́. Wọn ò hù. Ó ń hú wọn wò, ó ń tún wọn sin, wọ́n sì ń jẹrà. Ìgbà tó ku ẹyọ kan ló tó gbéra lọ sọ́dọ̀ awo.

Awo ní ire ń bọ̀, ṣùgbọ́n kó rúbọ. Kó mú ẹyẹlé wá, àti aṣọ tó fi pamọ́ de ìsìnkú ara rẹ̀. Kó bó ẹran pupa ara kóró náà dànù, kó tẹ̀ ẹ́ bọ inú iyanrìn dé ìdajì, kí omi má pọ̀ níbẹ̀. Kò sì gbọdọ̀ ṣí i nídìí wò mọ́ láé.

Aṣọ náà dun Àwẹ̀ró, òun fúnra rẹ̀ ló hun ún. Ó gbé e kalẹ̀. Ó rúbọ, ó sì gbin kóró náà bí awo ṣe wí.

Òjò lọ, ọyẹ́ dé. Kóró náà kàn sùn sílẹ̀ bí òkúta. Àánú rẹ̀ ṣe ìyálé rẹ̀.

“Ìyá Òkèbùnmi, ṣí i wò. Bó bá ti kú, kí o mọ̀, kí ọkàn rẹ lè sinmi.”

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀. Ó ti ki ìka bọ iyanrìn. Ó wá rántí oyún Òkèbùnmi, bó ṣe pẹ́ tó kó tó bí i. Ó fa ọwọ́ rẹ̀ yọ.

“Ìyálé mi, ẹ má bínú. Mi ò ṣí ikùn mi wò nígbà tí mo lóyún rẹ̀.”

Ìyálé rẹ̀ jókòó tì í, wọ́n jọ sunkún.

Wọn ò mọ̀ pé kóró náà ti ta gbòǹgbò tipẹ́, gbòǹgbò náà sì ti nípọn bí àtàǹpàkò. Nígbà tí òjò tún bẹ̀rẹ̀, ewé kan yọ, ó sì nà gbọọrọ. Báálẹ̀ fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá wò ó. Ó fọwọ́ kan ẹnu ewé náà, ó gún un, ó rẹ́rìn-ín.

“Òun náà ni. Ẹ ránṣẹ́ pe ọmọ yẹn.”

Òkèbùnmi dé pẹ̀lú irùngbọ̀n tí ìyá rẹ̀ kò rí rí. Ó dọ̀bálẹ̀. Àwẹ̀ró fà á dìde, ó bi í bóyá ó ti jẹun.

Àwẹ̀ró yin awo rẹ̀, awo náà yin Ifá. Wọ́n ní kó rúbọ, ó rú u. Wọ́n kìlọ̀ fún un, ó pa ìkìlọ̀ mọ́. Ifá ní ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹni rẹ̀ tó lọ yóò bọ̀, ilé rẹ̀ yóò sì kún.