Omi Abọ́ Ìyá Àgbà

Ẹni tó bá da omi síwájú ni í tẹ ilẹ̀ tútù. Báwo ló ṣe rí bẹ́ẹ̀? Ẹ wo Fadérera.

Ó ń gbèrò ìgbéyàwó kékeré nílé baba rẹ̀, láìlo ike tàbí ọ̀rá. Ewé eéran ló fẹ́ kí àlejò fi jẹun, ṣùgbọ́n ọ̀gbẹlẹ̀ ti pa ewé run. Baba ní, "Ọmọ mi, a ó ra àwo oníke."

Ìyá àgbà bá mú Fadérera lọ sẹ́yìn balùwẹ̀, níbi tó ń da omi ìfọbọ́ sí lójoojúmọ́. Ewé eéran kún ibẹ̀, ó tutù yọ̀yọ̀.

"Ìyá àgbà, ìgbà wo lẹ gbìn ín?"

"Ọjọ́ tí ọkọ rẹ kọ́kọ́ wá kí ọ."

"Ṣebí mo ní ọ̀rẹ́ lásán ni."

"Mo gbọ́. Èmi náà, omi abọ́ lásán ni mo ń dà nù."